Ọ́ìlì gíà wo ló yẹ Land Rover ológun àtijọ́, GL-4 àbí GL-5?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi tó ti dolóògbé ra Land Rover Series IIA 109 kan ní gbàǹjo ọkọ̀ ológun nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà. Ó ti wà ní ìdúró tipẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ni. Mẹkáníìkì mi ní 85W-140 GL-5 lòun máa rọ sí gbogbo ibi tó ń gba ọ́ìlì gíà, pé òun ló ki jù, òun náà ló dé kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà láyé ìjọ́sí ní SAE 40 ti ẹ́ńjìnnì ni kí n rọ sí gíà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Canada ní kí n wá synthetic 75W-90. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú nǹkan bàbá ẹ o, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Kí ọ̀rọ̀ mi tó gùn, ohun tó ò ń wá nìyí: GL-4 80W-90 ni kó o rà fún gíàbọ́ọ̀sì, tránsífà (àpótí gíà kejì tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti ẹ̀yìn), sítíárìn àti swivel iwájú (bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn táyà iwájú), má jẹ́ kí GL-5 débẹ̀ rárá. GL-5 tó bá tiẹ̀ máa wọ ọkọ̀ yẹn, dífù ẹ̀yìn (àpótí gíà tó wà láàárín ásùlù ẹ̀yìn) nìkan ni, ìyẹn náà tó bá jẹ́ irú dífù kan tí màá júwe fún ẹ nísàlẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì ẹ fẹ́ ṣe ò dáa. Bàbá dẹ́rẹ́bà yẹn sún mọ́ òótọ́ jù ú lọ, àmọ́ inú gíàbọ́ọ̀sì ni òótọ́ tiwọn mọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà ní Canada ń rò ti yìnyín ibi tó wà ni.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú ni nọ́ńbà ara ike. Wọ́n á rí 4, wọ́n á rí 5, wọ́n á ní 5 ló dé kẹ́yìn, òun náà ló dáa jù, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. API, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì tó pín àwọn ọ́ìlì yìí sí kíláàsì ní Amẹ́ríkà, irú gíà tí ọ́ìlì fẹ́ lọ bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi pín in. GL-1 ni ọ́ìlì lásán, kò sí kẹ́míkà tó ń gba gíà là nínú ẹ̀. GL-4 ní kẹ́míkà yẹn níwọ̀nba, GL-5 náà ní irú kẹ́míkà kan náà, ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti GL-4 ni. Kẹ́míkà wo? Imí ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Òórùn burúkú tó máa ń kọ lù ẹ́ nímú tó o bá ṣí ike ọ́ìlì gíà, imí ọjọ́ yẹn ni.

Ohun tí imí ọjọ́ ń ṣe níbẹ̀ rèé. Níbi tí eyín gíà méjì ti ń fagbára ha ara wọn, ooru ibẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé ọ́ìlì á fẹ́ sá kúrò láàárín, irin á kan irin, wọ́n á fẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Imí ọjọ́ á wá bá irin dàpọ̀, á ṣe awọ fẹ́lẹ́ kan sójú eyín gíà, awọ yẹn ló máa ń ha dànù, irin á sì wà ní tiẹ̀. Ó wúlò gan-an fún gíà hypoid, ìyẹn gíà dífù tí pinion ẹ̀ (gíà kékeré) ò bá àárín ring gear (gíà ńlá tó ń yí) mu, tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí eyín wọn ṣe ń yí ni wọ́n tún ń yọ̀ gùn lórí ara wọn. Packard ló kọ́kọ́ gbé e sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà fún aráàlú ní 1926, kí propeller, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn, lè lọ sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́tò náà lè rẹlẹ̀. Látìgbà yẹn ni àwọn tó ń po ọ́ìlì ti ń wá kẹ́míkà tó le sí i, torí gíà yẹn ò gba gbẹ̀rẹ́.

Idẹ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí lára ẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì Series IIA ní idẹ nínú, òrùka sínkírò, èyí tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́, tó wà fún gíà 3 àti 4 ni (gíà 1 àti 2 tiẹ̀ ò ní sínkírò, Series III tó jáde ní 1971 ni wọ́n tó fi sí gbogbo gíà tó ń lọ síwájú), búùṣì idẹ náà sì máa ń wà nínú gíàbọ́ọ̀sì ayé ìgbà yẹn. Bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ, imí ọjọ́ sì fẹ́ràn bàbà ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ọ́ìlì bá ti gbóná, imí ọjọ́ tó pọ̀ nínú GL-5 á mú idẹ, á fi awọ dúdú bò ó, awọ yẹn á wá le ju idẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ, tí gíà bá ń fà á, awọ á ṣí, á sì mú idẹ díẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń lọ. Kò ní hàn lónìí kò ní hàn lọ́la o, mọ́tò á máa lọ geerege, mẹkáníìkì á máa sọ fún ẹ pé ṣé o rí i pé kò sí nǹkan kan, ìgbà tó o bá máa tú ọ́ìlì sílẹ̀ lo máa rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ wúrà tó ń dán nísàlẹ̀ abọ́, òrùka sínkírò ẹ lo ń wò yẹn.

Ọ̀rọ̀ yíyọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Iṣẹ́ òrùka sínkírò ni kó di gíà mú kó dín eré ẹ̀ kù kí méjèèjì lè máa lọ bákan náà kí wọ́n tó wọnú ara wọn. GL-5 máa ń yọ̀ jù fún irú ìdìmú yẹn, bí ẹni fẹ́ fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ fa okùn kànga. Ìdí nìyẹn tí gíà fi máa ń han gooro tó o bá fẹ́ bọ́ sí 3, tí wọ́n á ní gíàbọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ló ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé GL-5 ayé òde òní ò jẹ idẹ mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń po ọ́ìlì ti so imí ọjọ́ inú ẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé kò ní ṣiṣẹ́ àfi tí ooru bá pọ̀ gan-an. Tó o bá lè rí bébà àlàyé tí ilé iṣẹ́ kọ nípa ọ́ìlì náà, wo ibi tí wọ́n kọ copper strip corrosion sí, tàbí ASTM D130. Wọ́n á ki bàbà tó mọ́ sínú ọ́ìlì gbígbóná, fún ọ́ìlì gíà wọ́n sábà máa ń lo 121°C fún wákàtí 3, wọ́n á wá wo bó ṣe pàwọ̀ dà sí. 1a àti 1b ló dáa, 4 ti dúdú pátápátá. Àmọ́ tó bá tiẹ̀ gba 1a, ti pé ó ń yọ̀ jù fún sínkírò ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lò ó fún gíàbọ́ọ̀sì ayé àtijọ́, ìbáà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lórí igbá. Ike tí wọ́n bá sì kọ GL-4 àti GL-5 sí pa pọ̀, GL-5 ni kó o kà á sí.

Kò sí bébà àlàyé? Ṣe tiẹ̀ nílé. Bó wáyà iná, kí bàbà inú ẹ̀ hàn, fi sándípépà kékeré fá a kó máa dán, fi í sínú ìgò kékeré tó ní ọ́ìlì náà, gbé ìgò sínú ìkòkò omi tó ń hó, níta gbangba o, kì í ṣe nínú kíṣìnnì ìyàwó ẹ. Lẹ́yìn wákàtí 3 yọ ọ́, nù ún. Tó bá ṣì jọ bàbà, ó sàn. Tó bá ti dúdú, o ti rí ohun tó máa ṣe fún idẹ inú gíà ẹ. Kò péye tó ti yàrá ìdánwò, torí omi híhó ò kọjá 100°C, àmọ́ ọ́ìlì tó bá já níbẹ̀, kò sídìí láti bi í léèrè mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí pátákó irin kékeré kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tàbí kí mánúà ológun wà nínú ẹrù bàbá, wá a dáadáa. Tó o bá rí OEP-220, orúkọ tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ́ìlì gíà ni. Lára àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà, MIL-L-2105 lo máa rí. Ibẹ̀ ni kó o ti la ojú ẹ sílẹ̀: MIL-L-2105 tí kò ní lẹ́tà kankan lẹ́yìn, GL-4 ni. Èyí tó bá ní B, C tàbí D lẹ́yìn, GL-5 ni, B yẹn jáde ní 1962. Lónìí SAE J2360 ni wọ́n ń pe ọmọ ìyá ẹ̀, GL-5 náà ni. Ó wá jẹ́ pé tí mánúà ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn bá ní kó o rọ ọ́ìlì ológun sí gíà, o ò kàn lè lọ ra ọ́ìlì ológun tòní kó o rọ ọ́ síbẹ̀ torí pé orúkọ wọn jọra. Bákan náà lọ̀rọ̀ EP90 tó wà nínú mánúà Land Rover: EP yẹn ò ju pé ọ́ìlì náà ní kẹ́míkà tó ń gba gíà là lọ, ní ayé ìgbà yẹn bí agbára GL-4 lónìí ni, àmọ́ ike tí wọ́n kọ EP90 sí lọ́jà báyìí lè jẹ́ GL-4, ó sì lè jẹ́ GL-5. Yí ike yẹn pa dà, ka ẹ̀yìn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá dẹ́rẹ́bà wá ńkọ́. Má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ: Peugeot. Gíàbọ́ọ̀sì 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mánúà ẹ̀ ní kí wọ́n rọ sí i, gbogbo dẹ́rẹ́bà tó na 504 láti Ìlọrin dé Èkó ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé nọ́ńbà ọ́ìlì gíà àti nọ́ńbà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í ṣe orí òṣùwọ̀n kan náà. Èèyàn á rí 90 á rò pé ó ki ju 40 lọ ní ìlọ́po méjì. Tí wọ́n bá wọn kíki wọn ní 100°C, SAE 90 ti gíà wà láàárín 13.5 sí 18.5 cSt (òṣùwọ̀n kíki ọ́ìlì), SAE 40 ti ẹ́ńjìnnì wà láàárín 12.5 sí 16.3. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba! Torí náà tí GL-4 bá wọ́n níbi tó o wà, SAE 40 tàbí SAE 50 tó mọ́ lè wà nínú gíàbọ́ọ̀sì àti tránsífà ẹ fún ìgbà díẹ̀ kí idẹ kankan má sì sunkún, ó sàn ju GL-5 lọ fíìfíì. Ohun tí kò ní ni kẹ́míkà tó lágbára fún hypoid, tó o bá rọ ọ́ sí dífù hypoid tó o wá kó ẹrù gun òkè, o máa gbọ́ ohùn tí kò ní dùn mọ́ ẹ. Ohun mìíràn ni pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní ọṣẹ nínú, ọṣẹ yẹn máa ń po omi mọ́ ọ́ìlì, omi tí ì bá lọ jókòó sísàlẹ̀ kó o tú u dànù á di ara ọ́ìlì. Fún ọkọ̀ tó máa wọ odò lọ sóko, ìyẹn ò dáa.

Ó wá ku 140 àti 75W. Kíki ọ́ìlì 140 ní 100°C bẹ̀rẹ̀ láti 24 cSt, ó fi púpọ̀ ju 90 lọ. Àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ó máa ń pa ariwo gíà tó ti jẹ mọ́lẹ̀, kì í sì í tètè jò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pa ariwo, ariwo yẹn gan-an ló sì yẹ kó o gbọ́ kó o lè mọ ohun tó ń ṣe bíárìn ẹ. Lóòótọ́ oòrùn Ìlọrin nínú oṣù March kì í ṣe eré, àmọ́ 90 tó fún un, àwọn tó ṣe Land Rover mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru ló ń lọ. Tó o bá rọ 140 sí gíàbọ́ọ̀sì oní sínkírò, ní àárọ̀ ọyẹ́ gíà á le bí òkúta, sínkírò ò ní lè fún ọ́ìlì yẹn kúrò láàárín kó tó di gíà mú. Tránsífà tó ti jẹ gan-an tó ń hu, tí owó àtúntò ò tíì sí, mi ò ní bá ẹ jà tó o bá rọ 85W-140 síbẹ̀, tó bá ṣáà ti jẹ́ GL-4.

W yẹn, ti òtútù ni. 75W ni wọ́n dán wò ní -40°C, 80W ní -26°C, 85W ní -12°C. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Òmù-Àrán? Nílẹ̀ wa, nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá. 75W-90 synthetic ò burú, ó kàn jẹ́ pé owó ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń tètè rí ojú ihò níbi tí ọ́ìlì lásán ò ti ríran. Ọkọ̀ yẹn ti wà ní ìdúró tipẹ́, síìlì ẹ̀ ti gbẹ, àwọn ibòmíì nínú ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn awọ ẹran gidi tàbí felt ni wọ́n fi ṣe síìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bébà ni. Ọ́ìlì olówó iyebíye máa kán sílẹ̀ gáréèjì ni. Fi owó yẹn ra síìlì.

Ó yá, ká wọ abẹ́ ọkọ̀. Gíàbọ́ọ̀sì ń gba bíi 1.5 lítà, tránsífà bíi 2.5, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, oníkálukú ló ní plọ́ọ̀gì ẹ̀. Fi ojú sí àwọn méjèèjì yìí dáadáa: síìlì kan wà láàárín wọn, tó bá ti bàjẹ́, ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì á máa sá lọ sínú tránsífà díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kankan nílẹ̀, o máa rò pé gbogbo nǹkan dáa, bẹ́ẹ̀ gíàbọ́ọ̀sì ti ń gbẹ. Tó o bá tú plọ́ọ̀gì ìwọ̀n tránsífà tí ọ́ìlì tú dà lé ẹ lọ́wọ́, tí ti gíàbọ́ọ̀sì sì gbẹ táútáú, ọ̀rọ̀ ti yé ẹ nìyẹn. Ọ̀nà tó o fi lè gba gíàbọ́ọ̀sì là kí síìlì tó dé ni kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Dífù. Dífù iwájú, oríṣi tí Rover fúnra wọn ṣe lo máa bá níbẹ̀, gíà inú ẹ̀ jẹ́ spiral bevel, kì í ṣe hypoid, pinion ẹ̀ bá àárín mu. Kò nílò agbára GL-5, GL-4 tó ẹ̀ é ṣe. Lítà 1.75 ló ń gbà. Ti ẹ̀yìn ni kó o wò dáadáa, torí àwọn 109 kan ń lo irú ti iwájú yẹn, àwọn míì ń lo Salisbury, àwọn ológun sì fẹ́ràn èyí tó lágbára. Lọ sẹ́yìn ọkọ̀, dùbúlẹ̀, wo ikùn dífù náà. Tí ẹ̀yìn ikùn yẹn bá jẹ́ roboto tí kò ní ìdérí, tó jẹ́ pé iwájú níbi tí propeller ti wọlé ni wọ́n ti de orí dífù mọ́ ọn, Rover ni. Tó bá ní ìdérí irin tí nọ́ọ̀tì yí po lẹ́yìn, Salisbury ni, hypoid gidi ni, 2.5 lítà ló ń gbà, òun nìkan ló yẹ kó rí GL-5 nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn. Níbẹ̀ ni mẹkáníìkì ẹ ti lè gbé GL-5 jáde, 80W-90 ni kó jẹ́ o, tó bá ti hàn án lójú pé ó gbọ́dọ̀ lò ó.

Lórí dífù méjèèjì, wá breather, ihò kékeré tó ń mí, tó wà lórí páìpù ásùlù. Ilẹ̀ pupa agbègbè wa máa ń dí i. Tó bá ti dí, tí dífù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á wá ọ̀nà jáde, ojú síìlì táyà ló máa gbà, ọ́ìlì gíà á dà sára búréèkì. O ò ní mọ̀ àfi ìgbà tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kò ná ẹ ní kọ́bọ̀ láti fi wáyà gún un àti láti fi pẹtiróò fọ̀ ọ́.

Swivel, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin ràgàjì tó wà lẹ́yìn táyà iwájú, ń gba ìdajì lítà nínú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí irin bọ́ọ̀lù yẹn bá ti dógùn-ún, ọ́ìlì á máa jò síta, ohun tí ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó gíríìsì bíárìn táyà kún un. Ó ń dá ìjò dúró lóòótọ́, àmọ́ gíríìsì yẹn á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ á jókòó síbẹ̀, búùṣì Railko tó wà lókè ò ní rí nǹkan kan. Gíríìsì tó rọ̀ bí ọ́ìlì ki, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà 00 sí, ló yẹ níbẹ̀, irú ẹ̀ ni Land Rover fúnra wọn wá ń lò nígbẹ̀yìn. Tí o ò bá rí i, GL-4 ni, kó o máa rọ ọ́ kún un.

Sítíárìn ń gba GL-4, díẹ̀ péré. Ọ̀kan tún wà tí gbogbo ayé máa ń gbàgbé, relay sítíárìn tó wà láàárín iwájú ọkọ̀, ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe gíríìsì, nọ́ọ̀tì kékeré ló wà lórí ẹ̀ tó o máa tú láti rọ ọ́. Rọ ọ́ìlì sí i, má tú u palẹ̀ o! Sípíríǹgì alágbára kan wà tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, tó bá fò jáde, ó lè ṣe èèyàn léṣe gidi. Propeller àti yunifásà jọ́ǹtì, gíríìsì ni tiwọn, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ò sí níbẹ̀.

Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó máa tó lítà 8.5, tàbí bíi 9.25 tó bá jẹ́ Salisbury ló wà lẹ́yìn. Ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí o máa tú u lẹ́ẹ̀mejì. Wa ọkọ̀ yẹn díẹ̀ kí ọ́ìlì gbóná, àmọ́ kó o tó tú plọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, plọ́ọ̀gì òkè tó o máa ti rọ ọ́ ni kó o kọ́kọ́ rí i pé ó ṣeé tú. Àìmọye èèyàn ló ti tú ọ́ìlì dà sílẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i pé plọ́ọ̀gì òkè ti lẹ̀ pa, ọkọ̀ á wá di ìdúró. Wo ohun tó jáde. Tó bá funfun, omi ti wọlé. Tó bá ní ìyẹ̀fun wúrà, idẹ ni. Èérún irin tó rí ṣóńṣó, eyín gíà tàbí bíárìn ni, ìyẹn ti ju ọ̀rọ̀ ọ́ìlì lọ. Lẹ́yìn náà rọ GL-4 tí kò wọ́n, wa ọkọ̀ náà lọ sí Òrò kó o padà, tú u dànù, kó o tó wá rọ èyí tó máa gbé ibẹ̀. Má fi kẹrosíìnì fọ inú ẹ̀, ó máa ń ṣẹ́ kù sínú àwọn kọ̀rọ̀, á sì ṣàn pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tuntun. Má sì po GL-4 pọ̀ mọ́ GL-5 kó o ní o fẹ́ rí àárín wọn.

Rírà ẹ̀ ní Ìlọrin, ká sọ tòótọ́, GL-5 ló kún ìgboro, tó o bá kàn sọ pé ọ́ìlì gíà ni wọ́n á gbé 140 lé ẹ lọ́wọ́. Bèèrè ọ́ìlì gíà ọkọ̀ manual kéékèèké tó ń lo GL-4, béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Táíwò, kó o sì ka ẹ̀yìn ike fúnra ẹ kó o tó sanwó. Má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú dúrọ́ọ̀mù sínú ike omi, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ ló wà níbẹ̀, òórùn imí ọjọ́ nìkan ò sì lè sọ kíláàsì ẹ̀ fún ẹ. Àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, tó wà lára èyí tí wọ́n ṣe nílé wa, wò ó, wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ míì, ẹ má kàn da eléyìí kọ. Jeep Willys ayé ogun, dífù ẹ̀ hypoid ni, GL-5 bá a mu, gíàbọ́ọ̀sì ẹ̀ ní sínkírò idẹ, GL-4 ni. Ferret, ọkọ̀ ogun kékeré onírin tó nípọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, gíàbọ́ọ̀sì preselector (èyí tí wọ́n ti ń yan gíà sílẹ̀ kó tó wọlé) ló ní, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ irú ti ẹ́ńjìnnì ló ń lò, tí ẹnì kan bá rọ ọ́ìlì gíà sí i, bẹ́líìtì tó ń di gíà mú níbẹ̀ ò ní rí nǹkan dì mú. Àwọn lọ́rì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, àti Peugeot 404 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ásùlù ẹ̀yìn wọn jẹ́ worm, ìyẹn irin tó rí bíi sukúrù tó ń yí gíà roboto kan, gíà roboto yẹn sì jẹ́ idẹ látòkè délẹ̀. Rírọ GL-5 síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àbúrò, àwọ̀ ara ọkọ̀ yẹn náà o. Tó bá ṣì wà ní àwọ̀ ológun, lọ kùn ún kó o tó gbé e dé títì Àjàṣẹ́-Ìpo, torí ọ̀rọ̀ pé bàbá mi jẹ́ sójà kì í tètè yé àwọn tó wà ní chékípọ́ìǹtì. Tó o bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀yìn dífù ẹ̀yìn àti èyí tó jáde nínú tránsífà, fi ránṣẹ́, màá sọ irú ẹ̀ fún ẹ kó o tó ra ọ́ìlì kankan.